Kí o tó jókòó níwájú wọn, kọ́kọ́ yẹ ara rẹ wò

"Sọ díẹ̀ fún wa nípa ara rẹ." Ìbéèrè yìí ló sábà máa ń ṣíwájú nínú íntáfíù iṣẹ́, òun náà ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní: "Orúkọ mi ni Lágbájá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé jáde, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, mo sì fẹ́ràn láti máa kọ́ nǹkan tuntun." Ìlàjì ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú CV tó wà níwájú ọ̀gá. Ìlàjì tó kù, kò sẹ́ni tí kò lè sọ ọ́. Mo ti jókòó rí sí apá ibi tí wọ́n ti ń béèrè, láàárín àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Tí ẹni mẹ́ta bá ti sọ pé àwọn máa ń ṣiṣẹ́ kára, ti ẹnì kẹrin kì í wọ etí mọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ọmọ tó ti tọ́jú owó àjọ fún ọdún mẹ́ta láìjẹ́ kí kọ́bọ̀ sọnù á wọlé íntáfíù, á ní òun ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀, kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ti ìsọ̀ rẹ̀ lálẹ́ láìmọ ohun tó kù nínú àpò, ohun tó tà, àti ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí o ka ara rẹ. Fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan, wákàtí kan lálaalẹ́, má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá pè ọ́, torí iléeṣẹ́ mìíràn á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé kí o wá rí àwọn lọ́jọ́bọ̀.

1. Kọ gbogbo iṣẹ́ tí o ti ṣe sílẹ̀, pàápàá èyí tí wọn ò sanwó rẹ̀

Ra ìwé àjákọ kan. Fóònù ò dáa fún iṣẹ́ yìí, WhatsApp ò ní jẹ́ kí o ráyè ronú. Kọ ohun gbogbo tí o ti fọwọ́ ṣe láti ìgbà tí o ti jáde ilé ìwé girama: IT (iṣẹ́ tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ níléeṣẹ́), ọdún tí o fi sìnrú ìlú, ìsọ̀ màmá rẹ, POS tí o jókòó tì, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀kọ́ àfikún tí o ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tí ìwọ ṣètò oúnjẹ rẹ̀. Má tíì ṣe ẹ̀yà èyí tó wúlò àti èyí tí kò wúlò. Kọ ọ́ ṣáá.

Tí o bá ṣe IT, wá ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n fún ọ nígbà yẹn. Ètò SIWES, èyí tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, ti wà láti 1973, ohun tó sì dáa jù nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ íntáfíù ni ìwé yẹn, nítorí ohun tí o ṣe lójoojúmọ́ wà níbẹ̀, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ sì bu ọwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní kété tí wọ́n bá ti gba máàkì wọn.

Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, dáhùn nǹkan mẹ́ta: kí ni ọwọ́ tèmi ṣe níbẹ̀? Mélòó, èló, ìgbà wo? Ta ló lè jẹ́rìí sí i?

Jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní màmá rẹ ń ta gàrí, ìwọ lo sì máa ń dúró ti ìsọ̀ nígbà ìsinmi. Tí mo bá bi ọ́ nípa rẹ̀, o máa ní, "Mo máa ń ran màmá mi lọ́wọ́ ni, sà." Ó kúrú jù. Ta ló ń lọ gbé gàrí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án lábúlé? Ta ló ń tọ́ ọ wò bóyá ó kan bó ṣe yẹ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan, tó ń fọwọ́ bọ àpò bóyá ó gbẹ? Ta ló ń kọ orúkọ àwọn tó ra àwìn sínú ìwé? Nígbà tí àwìn wá pọ̀ jù, ta ló ní kí wọ́n máa san ìdajì kí wọ́n tó gbẹ́rù? Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni, o ti ra ọjà, o ti yẹ ọjà wò, o ti tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, o sì ti yí ìlànà padà kí owó má bàa há síta. Ilé ìfowópamọ́ kan wà tó ń wá ẹni tó lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Mo máa ń ran màmá mi lọ́wọ́" ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni.

Tàbí kó jẹ́ pé ìwọ lo gba owó aṣọ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ màmá rẹ kí Ojúde Ọba, àjọ̀dún wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó dé. Ẹni tó bá mọ bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, ṣe máa ń wọṣọ lọ kí Awùjalẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn: gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọ aṣọ kan náà, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, kò sì sẹ́ni tó lè sún ọjọ́ náà síwájú nítorí pé télọ̀ ò tíì parí. Owó tó wọlé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí o ní láti máa rán létí láìrí wọn fín. Kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ iye èèyàn, kọ iye owó, kọ ohun tó bàjẹ́ àti bí o ṣe tún un ṣe.

2. Ya ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe kúrò lára ohun tí o fẹ́ràn

Padà sórí ìwé rẹ. Fi àmì kan síwájú iṣẹ́ tí o ṣe dáadáa, fi àmì mìíràn síwájú èyí tó jẹ́ pé wákàtí méjì á kọjá lórí rẹ̀ tí o ò ní mọ̀. Ibi tí àmì méjèèjì bá ti pàdé ni kí o tẹjú mọ́ jù. Ibi tí àmì àkọ́kọ́ nìkan bá wà léwu díẹ̀: iṣẹ́ tí o mọ̀ tí o ò fẹ́ràn ni wọ́n máa tètè gbà ọ́ sí, òun náà lo sì máa tètè sá kúrò nínú rẹ̀.

3. Ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ kan, ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di Ifá

Lọ́dún 1959, John Holland, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tó pín ìfẹ́ èèyàn sí iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́fà. Àwọn kan wà tó fẹ́ máa fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ ṣiṣẹ́, irú ẹni tó máa gbádùn títún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù. Àwọn kan fẹ́ máa wádìí ìdí ọ̀rọ̀, bí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Àwọn kan jẹ́ oníṣẹ́ ọnà. Àwọn kan fẹ́ kọ́ni tàbí tọ́jú èèyàn, àwọn kan fẹ́ tajà, kí wọ́n darí, kí wọ́n yí ẹlòmíràn lọ́kàn padà, àwọn tó kù sì fẹ́ ètò, àkọsílẹ̀ àti ìṣirò tó péye. Èèyàn kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Àdàlù méjì tàbí mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wa.

Ìdánwò tí wọ́n gbé ka orí ìlànà yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì My Next Move, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń sanwó fún. Ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀. Wọ́n á dárúkọ iṣẹ́ kan, ìwọ á sọ bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Kò ní jẹ dátà púpọ̀. Dáhùn kíákíá, bó ṣe ń ṣe ọ́ gan-an ni kí o dáhùn. Má ro ti owó tó wà nídìí iṣẹ́ náà, má sì ro ohun tí bàbá rẹ máa sọ.

Owó oṣù tí wọ́n bá fi hàn ọ́ lẹ́yìn náà, ti Amẹ́ríkà ni, gbójú kúrò níbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n máa dárúkọ náà ò sí nítòsí wa. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé ìfẹ́ ni ìdánwò yìí ń wọ̀n, kò wọn ìmọ̀. Ó lè ní ìtọ́jú aláìsàn ló bá ọ mu, kó má sì sí ọjọ́ kan tí o ti tọ́jú aláìsàn rí. Nítorí náà, gbé èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àjákọ rẹ. Bí wọ́n bá ní ètò àti àkọsílẹ̀ ni tìrẹ, ṣé ìwé rẹ jẹ́rìí sí i? Tí kò bá jẹ́rìí, ìwé rẹ ni kí o gbà gbọ́.

Ìdánwò Myers-Briggs tó ń pín èèyàn sí oríṣi 16, tó sì ń fi lẹ́tà mẹ́rin pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń jà ràìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Eré ìdárayá tó dùn ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà á fúnra wọn sọ pé kò yẹ kí wọ́n máa fi yan òṣìṣẹ́. Má ṣe dé iwájú ọ̀gá kí o máa pe ara rẹ ní lẹ́tà mẹ́rin. Ẹni tó bá sì ní kí o wá san owó gọbọi kí òun tó sọ iṣẹ́ tí a dá ọ fún, kí ire bá a níbi tó wà.

4. Bi àwọn tó ti rí ọ níbi iṣẹ́

Lọ́dún 1955, àwọn onímọ̀ méjì, Joseph Luft àti Harrington Ingham, ya àpótí onígun mẹ́rin kan tí wọ́n pín sí mẹ́rin. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn mọ̀ nípa rẹ tí ìwọ fúnra rẹ ò mọ̀. Apá yẹn lo ń wá lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ẹni mẹ́ta ti tó: ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ níbì kan, ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, àti ẹni tí o bá ṣiṣẹ́, yálà oníbàárà ni tàbí òbí ọmọ tí o kọ́. Má bi wọ́n pé, "Irú èèyàn wo ni mí?" Wọ́n á ní o dáa, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Béèrè báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́, iṣẹ́ wo lẹ lè fọkàn balẹ̀ gbé fún mi, èwo lẹ ò ní gbé fún mi?" Ìbéèrè kejì yẹn lówó lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá dáhùn rẹ̀, má jiyàn, má sì ṣàlàyé. Ní "ẹ ṣeun mà," kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ màmá rẹ lo bi, ó máa gbàdúrà fún ọ. Ṣe àmín, kí o tún ìbéèrè náà bi í.

5. Fi ìpolówó iṣẹ́ wọn wé ìwé rẹ

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ bá máa tó wọnú ọ̀rọ̀. Tẹ ìpolówó náà jáde tàbí kí o dà á kọ. Fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá, kí o pín ojú ewé sí ọ̀nà méjì: "mo ní in, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí" àti "mi ò ní in." Ohun tí o kọ sápá òsì tí o ò rí ẹ̀rí fún gbọ́dọ̀ kọjá sápá ọ̀tún. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn kó dùn ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ju kó dùn ọ́ níwájú wọn lọ.

Yẹ ohun tí o lè fara dà wò pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ ńláńlá tí ẹ̀rọ wọn kì í sùn sábà máa ń ní iṣẹ́ òru. Ṣé ara rẹ gbà á? Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adventist ni, ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ yẹ kó ti mọ ìyẹn kó tó débẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó ni iṣẹ́ náà wà, láti Ìjẹ̀bú o lè gba Ṣágámù bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, o sì lè gba Ẹ̀pẹ́ tó bá jẹ́ apá Lẹ́kí ni. Lílọ-bíbọ̀ lójoojúmọ́ yàtọ̀ sí lílọ lẹ́ẹ̀kan. Bi ara rẹ ní òótọ́: ṣé o máa ṣí lọ, àbí ńṣe lo máa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kejì?

Ṣírò owó náà. Owó ilé, owó ọkọ̀, oúnjẹ, owó tí o ń fi ránṣẹ́ sílé, owó àjọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ni iye tí o ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, béèrè iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì tó wà nídìí rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ Ìjẹ̀bú tó lè ná ìṣasùn títí tí ẹni tó ń tà á á fi rẹ́rìn-ín, nígbà tí wọ́n bá bi í pé èló ló fẹ́ gbà lóṣù, ohun tó máa sọ ni "iyekíye tẹ́ ẹ bá fẹ́ san, sà." Dárúkọ iye méjì, èyí tó kéré àti èyí tó pọ̀, kí èyí tó kéré má lọ sísàlẹ̀ iye tí o ti ṣírò.

6. Sọ ẹ̀rí rẹ di ìtàn kéékèèké

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè íntáfíù lónìí ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sọ ìgbà kan fún wa tí o..." Ìgbà tí o bá ẹnì kan jà níbi iṣẹ́. Ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìgbà tí àkókò ò tó. Mú ìtàn márùn-ún nínú ìwé rẹ, kí o to ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí: bí ọ̀rọ̀ ṣe wà, ohun tó jẹ́ ojúṣe rẹ níbẹ̀, ohun tí o ṣe, ohun tó já sí. Apá kẹta ni kó gùn jù. Àwọn ọmọ wa máa ń lo gbogbo àkókò wọn lórí apá kìíní, wọ́n á sọ ìtàn iléeṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan, ọ̀gá ti ń wo aago.

Gbọ́ bó ṣe máa rí: "Ní ìsọ̀ màmá mi, àwọn oníbàárà ń ra àwìn, wọn ò sì ń san án lásìkò. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé gbèsè. Mo ya àwọn tó ti jẹ gbèsè ju oṣù kan lọ sọ́tọ̀, mo ń pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, mo sì bẹ màmá mi pé ká máa gba ìdajì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra ju àpò kan lọ. Nígbà tí mo fi máa padà sílé ìwé, gbèsè tó wà níta ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀." Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta, má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè bi ọ́ bí o ṣe ṣírò rẹ̀.

Ṣàkíyèsí "mo" tó wà nínú ìtàn yẹn. Ilé tó kọ́ wa dáadáa kọ́ wa pé ká má yin ara wa níwájú àgbà, nítorí náà, ohun gbogbo la máa ń sọ di "a": a ṣètò, a gba owó, a parí ẹ̀. Ọ̀gá ò mọ èwo ni tìrẹ nínú "a." O lè sọ "mo" láìgbéraga, tí o bá fi ohun tí o ṣe síbẹ̀, tí o sì yọ ọ̀rọ̀ ìyìn kúrò. "Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan" kì í ṣe ìgbéraga. "Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ gan-an" ló jọ ọ́. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ràn ọ́ lọ́wọ́, dárúkọ ipa tirẹ̀ pẹ̀lú.

Wọ́n máa béèrè ibi tí o kù sí. Má sọ fún wọn pé àbùkù rẹ ni pé o máa ń ṣiṣẹ́ jù. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Lọ sápá ọ̀tún ìwé tí o pín sí méjì, mú ohun kan tó jẹ́ òótọ́ àmọ́ tí kì í ṣe gbòǹgbò iṣẹ́ tí o wá, kí o sọ ohun tí o ti ń ṣe nípa rẹ̀. "Mi ò tíì mọ Excel dunjú. Mo lè ṣe àròpọ̀ àti ìtò orúkọ, mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àkópọ̀ tábìlì láti oṣù tó kọjá." Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti olùṣírò owó, wá òmíràn sọ.

7. Gbọ́ ohùn ara rẹ

Fi fóònù gba ohùn rẹ sílẹ̀ bí o ṣe ń sọ ìtàn márààrún. Sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n máa fi bi ọ́, torí ọ̀rọ̀ tó já gaara ní Yorùbá lè há sọ́nà ọ̀fun tí o bá ń wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Má há a sórí bí ewì. Ibi tí o bá ti ń sáré, tàbí tí ohùn rẹ ń lọ sílẹ̀, ìtàn ibẹ̀ kò tíì dá ọ lójú. Padà lọ wo ẹ̀rí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ká má máa ranjú mọ́ àgbà. Ní ibi iṣẹ́, ẹni tó ń wolẹ̀ jọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Kí wọn bó ṣe yẹ, dúró kí wọ́n ní kí o jókòó, kí o wá máa wo ẹni tó béèrè ìbéèrè bí o ṣe ń dá a lóhùn. Fi ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan dánra wò nílé.

Wọ́n á parí pẹ̀lú "Ṣé o ní ìbéèrè?" Mú méjì lọ láti inú ojú ewé ohun tí o lè fara dà: bí iṣẹ́ òru ṣe ń yípo, ẹni tó máa kọ́ ọ níṣẹ́ lóṣù àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé o ń ṣe dáadáa.

8. Ní ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn íntáfíù

Kí o tó dé ilé, nínú ọkọ̀ pàápàá, kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìdajì ti lọ. Kọ ìtàn tí o fi dáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tí o ò rí ìtàn fún. Bí ìlà pupa bá bọ́ sábẹ́ ohun kan náà ní íntáfíù méjì tàbí mẹ́ta, bóyá ọ̀rọ̀ dídarí èèyàn tàbí ti kọ̀ǹpútà, wá ibi tí o ti lè ṣe nǹkan náà láàárín oṣù tó ń bọ̀: gba iṣẹ́ akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú yín, tàbí kí o bá ilé ìwé kan ládùúgbò to àkọsílẹ̀ owó ilé ìwé wọn sórí Excel. Níjọ́ tí o bá parí rẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ yẹn pẹ̀lú iye àti ẹlẹ́rìí.